Áàpù Ìpilẹ̀ Tàbí Áàpù Àtúnṣe? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Fi Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Ṣe Ọ̀wẹ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Abẹ́òkúta

Àbúrò mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní FUNAAB ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ní Pánsẹ́kẹ́, kò sì tíì lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé irú áàpù wo ni kí òun gbé sí i kí iṣẹ́ lè yá ju bó ṣe ń yá lọ. Ó ti darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń yá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní agbára kọ̀ǹpútà wọn nípasẹ̀ sọ́fítíwíà BOINC, ó sì ti gbọ́ pé àwọn kan ń lo áàpù tí wọ́n tún ṣe, tí ẹyọ iṣẹ́ kan fi ń parí kíákíá ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ṣoṣo kò tó o, nítorí pé ohun tó yẹ kọ̀ǹpútà kan lè ba iṣẹ́ òmíràn jẹ́, ohun tó sì yẹ ní ìlú tí iná kì í lọ lè má yẹ ní Aṣerò. Ìfiwéra tí mo ṣe fún un ni mo tún tò síhìn-ín fún ẹnikẹ́ni tó bá wà ní irú ipò rẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Àáró ni pé kí n bá ọ ro oko lónìí, kí ìwọ náà wá bá mi ro tèmi lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ni pé kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde lọ bá ẹnì kan ṣe iṣẹ́ tí apá rẹ̀ nìkan kò ká, láìretí pé yóò san án padà. Ọ̀wẹ̀ ni èyí. SETI@home, ìwádìí tó ń wá àmì àwọn ẹ̀dá onílàákàyè ní ojú ọ̀run, tí Yunifásítì California ní Berkeley gbé jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀: dátà tí awò rédíò ńlá tó wà ní Arecibo, ní Puerto Rico, gbà láti ojú ọ̀run ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń pín fún kọ̀ǹpútà inú ilé kárí ayé. Wọ́n dá ìpín iṣẹ́ yẹn dúró ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2020, àmọ́ BOINC, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní Berkeley ní 2002 lábẹ́ ìdarí David Anderson, ṣì ń gbé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ olùwádìí mìíràn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀wẹ̀ yìí àti ti oko kò ju ẹyọ kan lọ. Ní oko, ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ. Níhìn-ín, ẹni tó wá ṣiṣẹ́ ló ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání, oúnjẹ náà sì ni owó iná. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní fi GHz wọn ìyára nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣùwọ̀n mi ni iye ẹyọ iṣẹ́ tó parí, tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àwọn tó ni ìwádìí, sì gbà pé ó tọ̀nà, lórí iye iná tí a sun.

Alábòójútó àti òṣìṣẹ́

Ohun méjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń lo BOINC, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń pè wọ́n ní ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni BOINC fúnra rẹ̀, tó ń gba ẹyọ iṣẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ sáfà, tó ń pín in fún àwọn core (apá tó ń ṣe ìṣirò) inú pùrósẹ́sọ̀, tó sì ń dá èsì padà, alábòójútó ni. Èkejì ni áàpù ìṣirò tí iṣẹ́ ìwádìí kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́, òun sì ni òṣìṣẹ́ gan-an. Bí ẹ bá tún alábòójútó ṣe kí ó lè yá, ẹyọ iṣẹ́ kò ní tìtorí rẹ̀ tètè parí, bí ọkọ́ kò ṣe lè tìtorí pé a pààrọ̀ ẹni tó ń ka poro kí ó mú sí i.

Mo sọ èyí nítorí pé ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ BOINC, àwọn kan ń pín alábòójútó tí wọ́n tún kọ̀ǹpáìlì (ìyẹn ni pé wọ́n tún yí kóòdù rẹ̀ padà sí èdè ẹ̀rọ), àwọn ènìyàn sì ń rọ́ lọ gbà á. Máàkì tí BOINC ń fún ènìyàn ni wọ́n ń ṣírò nígbà náà láti inú ìdánwò ìyára méjì, Whetstone àti Dhrystone, tí alábòójútó fúnra rẹ̀ ń ṣe. Cobblestone ni wọ́n ń pe ẹyọ máàkì náà, wọ́n sì gbé e ka kọ̀ǹpútà àfiwé kan tó lè ṣe ìṣirò bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yóò gba 200 bó bá fi odidi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́. Alábòójútó àtúnṣe máa ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò, ó sì máa ń béèrè máàkì tó pọ̀, síbẹ̀ poro tó rò kò fi ẹyọ kan lé sí ti àtẹ̀yìnwá. Nítorí náà, lórí ọ̀rọ̀ alábòójútó, n kò ní ohun tí mo fẹ́ fi wé èyí tí BOINC fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Òun ni kí ẹ lò. Orí áàpù ìṣirò ni yíyàn wà.

Áàpù ìpilẹ̀, áàpù àtúnṣe, àti èyí tí a kọ̀ǹpáìlì fúnra wa

Kí ẹ tó lè yàn, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí àwọn tó ń tún áàpù ṣe ń tún ṣe gan-an. Ẹ wo ìyá aláró kan ní Ìtòkú tó ń ki aṣọ bọ inú ìkòkò aró. Bó bá ń ki í lọ́kọ̀ọ̀kan, aró yóò mú un, ṣùgbọ́n ọjọ́ yóò lọ. Bí ìkòkò rẹ̀ bá fẹ̀ tó láti gba mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìkìbọ̀ kan ti di mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àṣẹ tí wọ́n ń pè ní SSE ṣe rí, èyí tó jáde pẹ̀lú Pentium III ní 1999: ìkòkò wọn gba bíìtì 128, ìyẹn nọ́ńbà onídẹ́símà mẹ́rin tó jẹ́ bíìtì 32 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. AVX, tó dé ní 2011, sọ ìkòkò náà di bíìtì 256, ó ń gba mẹ́jọ. AVX-512 ń gba mẹ́rìndínlógún. Pùrósẹ́sọ̀ lè ní ìkòkò ńlá kí áàpù má sì mọ̀, kí ó máa ki aṣọ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àwọn alátùn-únṣe ni láti kọ kóòdù tó ń lo gbogbo fífẹ̀ ìkòkò náà.

Áàpù ìpilẹ̀ ni èyí tí sáfà fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, bó bá yí padà, yóò yí padà lórí kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú, àwọn tó ni ìwádìí sì ti dán an wò. Àbùkù tí wọ́n máa ń kà sí i lọ́rùn ni pé ó gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ pátápátá, tó fi jẹ́ pé ó lè má lo ohun tí pùrósẹ́sọ̀ tuntun ní. Àbùkù náà rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo mọ́. Kódà áàpù ìpilẹ̀ SETI@home kẹ́yìn kó ọ̀nà ìṣirò oríṣiríṣi sínú ara rẹ̀, bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ni yóò dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà náà, yóò sì mú èyí tó yá jù. Áàpù ìpilẹ̀ Folding@home, ìwádìí lórí bí purotéènì ṣe ń ká, fún pùrósẹ́sọ̀, tí wọ́n gbé ka sọ́fítíwíà GROMACS, ń dá AVX mọ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Prime95, áàpù GIMPS tó ń wá nọ́ńbà àkọ́kọ́ (prime, èyí tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan lè pín láìsí ìyókù), tí wọ́n fi assembly, èdè tó súnmọ́ ti ẹ̀rọ jù, kọ apá tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀. N kò mọ ẹni tí yóò jókòó sí ilé rẹ̀ tí yóò tún èyíinì ṣe kí ó sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Áàpù àtúnṣe wá láti inú ọ̀nà kan tí BOINC mọ̀ọ́mọ̀ ṣí sílẹ̀, tó fún olùyọ̀ǹda láyè láti lo áàpù tí òun fúnra rẹ̀ mú wá, pàápàá fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sí lára irú èyí tí iṣẹ́ ìwádìí náà ṣe áàpù fún. Ẹ óò fi áàpù náà sínú fódà iṣẹ́ ìwádìí yẹn, ẹ óò sì fi fáìlì kan tó ń jẹ́ app_info.xml sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti sọ fún BOINC pé òun ni kí ó máa lò. Ní ìgbà ayé SETI@home, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Lunatics lókìkí fún èyí; wọ́n ní tiwọn fún SSE2, fún SSE3, fún SSSE3, títí dé AVX, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín rẹ̀ àti áàpù ìpilẹ̀ ìgbà náà kò ṣeé fojú fò dá. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìyà tó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fi app_info.xml síbẹ̀ ni sáfà ti jáwọ́ nínú fífi áàpù tuntun ránṣẹ́ sí yín. Bí ìwádìí náà bá yí ẹ̀dà padà, ẹ̀yin ni yóò lọ wá tuntun. Bí ẹ bá fi síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́, iṣẹ́ wọ̀nyẹn lè dà nù lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì yan áàpù AVX fún pùrósẹ́sọ̀ tí kò ní AVX, ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, sáfà yóò máa dín iye tó ń fún yín lójúmọ́ kù, ọ̀wẹ̀ tí ẹ lọ yóò sì di ìdíwọ́ fún àwọn tó kù.

Ọ̀nà kẹta ni kí ènìyàn gba kóòdù ìpilẹ̀, bí ó bá wà ní gbangba, kí ó sì kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ fún pùrósẹ́sọ̀ tirẹ̀ gan-an. Lórí Linux, kọ̀ǹpáílà gcc pẹ̀lú -O3 àti -march=native ni ọ̀pọ̀ máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni -ffast-math. Àṣẹ yẹn ń gba kọ̀ǹpáílà láyè láti tún ètò ìṣirò tò bó ṣe wù ú, èsì yóò sì yàtọ̀ díẹ̀ ní ìparí dẹ́símà. Díẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí máa ń fi ẹyọ iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà méjì tí kò mọ ara wọn, kí sáfà lè fi èsì wọn wéra. Bí tiyín bá yàtọ̀ ju bó ti yẹ lọ, wọn yóò kọ̀ ọ́, wọn yóò fún ẹni kẹta ní iṣẹ́ náà, iná tí ẹ sun sì ti lọ lásán. Áàpù tó fi ìdá mẹ́rin àkókò yára ju ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ìdá mẹ́ta nínú èsì rẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín bóyá ó yára.

Ìdájọ́ mi lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí: bí iṣẹ́ ìwádìí bá ní áàpù ìpilẹ̀ tó ń yan àṣẹ fúnra rẹ̀, ẹ má wá òmíràn. Bí kò bá ní, tí àwọn olùwádìí sì fọwọ́ sí áàpù àtúnṣe ní gbangba, ẹ gbà á. Kíkọ̀ǹpáìlì fúnra ẹni, ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ni mo fi sílẹ̀ fún, kì í ṣe ẹni tó kàn fẹ́ ṣe ọ̀wẹ̀.

Ohun tí tòkunbọ̀ kọ̀ọ̀kan ní

Èyí kan ìwọ tó fẹ́ ra ju ẹni tó ti rà lọ. Core 2 Duo, tó jáde ní 2006, kò ní AVX rárá, SSSE3 ló dé, àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìran kan náà sì ní SSE4.1. Core i ìran kejì àti ìkẹta, ti 2011 àti 2012, ní AVX. Ìran kẹrin, ti 2013, ló kọ́kọ́ mú AVX2 àti FMA3 wá. FMA3 ń ṣe ìlọ́po àti àròpọ̀ nínú àṣẹ kan ṣoṣo, ó sì ṣe pàtàkì púpọ̀ fún Prime95 àti PrimeGrid, iṣẹ́ mìíràn tó ń wá nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé Pentium àti Celeron inú àwọn ìran wọ̀nyẹn kò ní AVX bí Core i ẹgbẹ́ wọn bá tilẹ̀ ní i. Ní ọ̀dọ̀ AMD, Ryzen àkọ́kọ́ ti 2017 gba AVX2, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń pín ìkòkò bíìtì 256 sí méjì kó tó lò ó. Ryzen Zen 2 ti 2019 ló ń ṣe é ní odidi.

Kí a má fi ẹnu tà á. Bí BOINC bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kọ àwọn àṣẹ tí pùrósẹ́sọ̀ ní sínú àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Lórí Linux, lscpu yóò sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó san owó.

Gbogbo thread tàbí ìdajì

Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi jẹ́ Core i5 ìran kẹrin tó ní core méjì àti thread mẹ́rin. Ó fẹ́ lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Core kan tó ní thread méjì dà bí ìdáná kan tí ẹni méjì ń lò: nígbà tí ọ̀kan bá ń gé ẹ̀fọ́, èkejì lè máa fi iná rẹ̀ se nǹkan, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá nílò iná lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan yóò dúró. Fún iṣẹ́ tó máa ń dúró de dátà láti inú RAM nígbà gbogbo, thread kejì máa ń mú kí àpapọ̀ iṣẹ́ pọ̀ sí i, bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún Prime95, tó ti ń lo gbogbo iná ìdáná náà tán fúnra rẹ̀, thread kejì kì í mú ohun kan wá ju ooru lọ.

RAM ni apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ kò sì kà á sí. Ká ní ìṣirò kan ń lo nọ́ńbà mílíọ̀nù mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 8; MB 48 nìyẹn, cache (ibi ìpamọ́ kékeré) tó wà lára pùrósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù àbúrò mi kò sì tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ láàárín RAM àti pùrósẹ́sọ̀. Níbi báyìí, kí ọ̀pọ̀ core pawọ́ pọ̀ ṣe ẹyọ iṣẹ́ kan sàn ju kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lọ, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ PrimeGrid sì mọ èyí dáadáa. Bákan náà, RAM GB 8 tó jẹ́ pátákó kan ṣoṣo kò dọ́gba pẹ̀lú ti pátákó méjì onígígá 4, nítorí pé ọ̀nà méjì ni dátà ń gbà rìn nínú èyí kejì. Bí ẹ bá fẹ́ ná owó sórí ìyára, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé pátákó RAM kejì yóò ṣe yín lóore nínú irú iṣẹ́ yìí ju áàpù àtúnṣe èyíkéyìí lọ.

Ooru: dídín core kù tàbí dídín àkókò kù

Láàárín oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, bí oòrùn bá ti gbóná sórí àwọn òkúta Abẹ́òkúta láti àárọ̀, yàrá kì í tutù kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Pùrósẹ́sọ̀ tó bá gbóná kọjá ààlà rẹ̀ máa ń dín ìyára ara rẹ̀ kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, AVX sì ń mú un gbóná ju àṣẹ àtijọ́ lọ. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín gbé áàpù tó yá sí i, kí ooru sì gba ìyára náà padà lọ́wọ́ yín.

BOINC ní ètò méjì tó jọra ní ojú, tí wọ́n sì yàtọ̀. Ọ̀kan ń sọ iye core tí ó lè lò nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì ń sọ iye àkókò pùrósẹ́sọ̀ tí ó lè lò nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá dín ti èkejì kù, BOINC yóò máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò dúró, yóò tún bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ooru ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, fáànù ń ké ó ń dákẹ́ ní gbogbo ọjọ́. Bí ẹ bá dín ti àkọ́kọ́ kù, core tó kù yóò ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi kò rí ìdí kan tí ènìyàn fi ní láti yan ti àkókò ṣáájú ti core. Ẹ lo core díẹ̀, ẹ fi àkókò sí ọgọ́rùn-ún.

Kí a tó sọ̀rọ̀ dé orí bẹ́ẹ̀ pàápàá, ẹ ṣí ìdí kọ̀ǹpútà náà. Eruku ọyẹ́ máa ń kún ojú fáànù títí yóò fi dà bí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kútọ̀ ló kọ́ mi pé kí n máa fọn ọ́ jáde kí ọyẹ́ tó tán àti lẹ́yìn tó bá tán. Àwọn kan yóò sọ pé kí ẹ gbé GHz sókè kọjá ohun tí ilé-iṣẹ́ fi sí i. Ẹ má ṣe é fún ìṣirò sáyẹ́ǹsì ní yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Pùrósẹ́sọ̀ tí wọ́n tì kọjá agbára rẹ̀ lè máa ṣàṣìṣe láìkú, àṣìṣe tí ẹ kò rí sì burú ju èyí tó pa áàpù lójú yín lọ.

Windows tàbí Linux

Èyí kò pẹ́. Lórí àwọn iṣẹ́ ìwádìí kan, áàpù Linux ń yá díẹ̀ ju ti Windows lọ, lórí òmíràn wọn dọ́gba. Ohun tí mo fi gbè sẹ́yìn Linux lórí tòkunbọ̀ ni pé ó ń fi RAM àti pùrósẹ́sọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ gan-an, kì í sì í tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín òru fún àtúnṣe. Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé tó nílò Windows, kó dúró sí Windows.

Iṣẹ́ wo ló yẹ iná ilé wa

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, nítorí pé yíyan iṣẹ́ tó bá iná ilé mu ń mú èsì wá ju yíyan áàpù lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ṣé iṣẹ́ náà máa ń fi ibi tó dé pamọ́ léraléra kí iná tó lọ, ṣé gbèdéke ọjọ́ rẹ̀ gùn, ṣé kì í jẹ dátà jù?

Folding@home, tó bẹ̀rẹ̀ ní Stanford ní 2000 tó sì kọjá exaFLOP kan (ìṣirò bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan) nígbà àjàkálẹ̀ COVID-19 ní 2020, ń fún ẹni tó bá tètè dá èsì padà ní máàkì àfikún, gbèdéke rẹ̀ sì kúrú. Ẹni tó ní sólà tó dúró dáadáa ni mo lè sọ pé kó ṣe é. Fún ẹni tí iná rẹ̀ ń lọ ń bọ̀, ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí gbèdéke bá ti kọjá ni yóò tó parí, wọn yóò sì ti fún ẹlòmíràn.

GIMPS, tí George Woltman dá sílẹ̀ ní 1996, ń wá nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti Mersenne (2 tí a fi ara rẹ̀ lọ́po léraléra, tí a sì yọ 1 kúrò), ọ̀kan tí wọ́n sì rí ní 2024 ní dígíìtì 41,024,320. Nǹkan díẹ̀ ni ẹ óò gbà wá láti sáfà, ó lè ní sùúrù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì ní ọ̀nà kan tó fi ń mú àṣìṣe kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bí ìṣirò ti ń lọ. Ìyà rẹ̀ wà ní ìparí: fáìlì ẹ̀rí tí ẹ óò fi ránṣẹ́ lè kọjá MB 100, ó sì ń gba àyè GB mélòó kan lórí dísìkì títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìṣẹ́jú 30 ni ó máa ń dúró kó tó fi ibi tó dé pamọ́. Lórí kọ̀ǹpútà tábìlì tí kò ní bátìrì, ẹ lọ dín in kù nínú ètò rẹ̀ kí iná má baà gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Einstein@Home, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ń wá ìgbì òòfà (gravitational wave) tó ń ti ojú ọ̀run wá nínú dátà LIGO, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ìgbì náà bá kọjá, ó sì ń wá àwọn ìràwọ̀ tó ń yí tó ń tàn bí iná ìkìlọ̀ nínú dátà awò rédíò. Gbèdéke rẹ̀ ń súnmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń fi ibi tó dé pamọ́ dáadáa, ó sì yẹ kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò pọ̀. Rosetta@home, iṣẹ́ ìwádìí purotéènì ti Yunifásítì Washington, ní ilé ìwádìí David Baker tó gba Nobel kẹ́místrì ní 2024, máa ń fẹ́ RAM púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ẹ fúnra yín yan iye wákàtí tí ẹyọ iṣẹ́ kan yóò gbà, èyí tó dára fún ẹni tó mọ ìgbà tí iná rẹ̀ ń dé. Ní 2019, World Community Grid gbé iṣẹ́ kan jáde lórí òjò ní Áfíríkà, ọkàn mi fà sí i ju gbogbo ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín ìfipamọ́ rẹ̀ kan àti òmíràn gùn, bí iná bá lọ láàárín méjì, ẹ óò tún un ṣe. Climateprediction.net ti Oxford, tó ń ṣírò ìyípadà ojú ọjọ́, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ẹyọ kan ń gbà, fáìlì tó ń dá padà sì tóbi; ẹni tó ń ra dátà ní MB kó sá fún un.

Lórí owó iná fúnra rẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó fi ìyára ṣe ìgbéraga. Kọ̀ǹpútà tábìlì tó ń fi wáàtì 65 kún iná ilé ní wákàtí 24 yóò jẹ kilowatt-hour 1.56 lójúmọ́, 46.8 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ní ₦225 tí wọ́n kéde fún Band A ní oṣù Igbe ọdún 2024, ₦10,530 nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù oníwáàtì 15 yóò jẹ 10.8, ìyẹn ₦2,430. Bí kọ̀ǹpútà tábìlì náà kò bá ṣe ju ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ láptọ́ọ̀pù lọ, láptọ́ọ̀pù ló yára ní ìwọ̀n tèmi. Jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ìfiwéra yìí. Ẹni tó bá ń sun bẹntiróò kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè máa wá nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti ń lọ ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn.

Láptọ́ọ̀pù tún ní ohun kan tí a kì í kà mọ́ ọn: bátìrì rẹ̀ ni ínfátà rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, BOINC yóò dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti ṣètò rẹ̀ láti má ṣiṣẹ́ lórí bátìrì. Ẹ lọ sínú ètò rẹ̀ kí ẹ sọ fún un pé kó máa fi iṣẹ́ tó dáwọ́ dúró sílẹ̀ nínú RAM. Bí iná bá dé, ibi tó dé gan-an ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò ní padà sí ibi ìfipamọ́ tó kẹ́yìn.

Bí a ṣe ń dán an wò kí a tó yàn

Má fi ẹyọ iṣẹ́ kan fi wé ẹyọ iṣẹ́ kan. Inú iṣẹ́ ìwádìí kan náà, ẹyọ kan lè gùn ju òmíràn lọ nípa ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí áàpù àkọ́kọ́ ṣe bíi ogún ẹyọ tó jẹ́ irú kan náà, ẹ kọ àkókò wọn sílẹ̀, ẹ kọ iye tí sáfà gbà, kí ẹ tó dé áàpù kejì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má dán ọ̀kan wò ní òwúrọ̀ kùtù kí ẹ sì dán èkejì wò ní ọ̀sán gangan, nítorí pé ẹ óò fi ooru Abẹ́òkúta ṣe ẹ̀rí lòdì sí áàpù tí kò ṣẹ̀ yín. Àkókò tó yẹ kí ẹ wò ni ti aago ògiri, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, pẹ̀lú èyí tí pùrósẹ́sọ̀ lò. Bí ìkejì bá kéré púpọ̀ sí àkọ́kọ́, ohun mìíràn lórí kọ̀ǹpútà náà ló ń gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sí áàpù àtúnṣe tó lè wo ìyẹn sàn.

Fún láptọ́ọ̀pù àbúrò mi, ohun tí mo yàn ni áàpù ìpilẹ̀ Einstein@Home lórí Linux, thread mẹ́ta nínú mẹ́rin, àkókò ní ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ tó dáwọ́ dúró kó wà nínú RAM. Ó bá mi jiyàn lórí thread kẹrin títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tó gbé láptọ́ọ̀pù náà lé itan tó sì yára gbé e kúrò. Owó tó fẹ́ fi ra fáànù kékeré tó ń gbé láptọ́ọ̀pù lé ni mo ní kó fi kún ti pátákó RAM kejì, nítorí ihò rẹ̀ ṣófo nínú, ó sì ti ń bá ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà fún un ná an ní Pánsẹ́kẹ́ báyìí.